Ọkọ̀ Tó Lọ́ra Jù Ni Kó Ṣíwájú

Bí ènìyàn bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní Ìlémọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí Peugeot 504 kan tó ń bọ̀ láti ọ̀nà oko. Àpò ànàmọ́ ti tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀, okùn ni wọ́n fi so búùtù rẹ̀ nítorí kò tì mọ́, ilẹ̀kùn iwájú kan pupa, èkejì funfun. Ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ náà ju awakọ̀ rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí. Kò sẹ́ni tó ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá kọjá tán, eruku rẹ̀ nìkan la ó máa gbọ̀n kúrò lára aṣọ.

Ẹ gbé ọkọ̀ yìí kan náà dé ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ilẹ̀ Faransé. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ kùn ún, ẹ wá ilẹ̀kùn méjì tó bára mu fún un. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹ ó rí i láàárín ogún ọkọ̀ mìíràn tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, tí wọ́n ń lọ jẹ́jẹ́ láàárín oko àti abúlé. Àwọn ọmọdé á máa juwọ́ sí wọn, àwọn àgbà á máa sọ pé, "Irú èyí ni bàbá mi gùn." Wọn kò kó ẹrù, wọn kò gbé èrò, wọn kò sì bá ẹnikẹ́ni sáré ìje. Ìrìn náà gan-an ni wọ́n bá wá. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nìyí: bí àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ àtijọ́ ṣe ń ṣètò irú ìrìn òpin ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tó ń gbà, àti bí yóò ṣe rí bí a bá gbé e wá sí ọ̀nà tiwa, láti Ìlémọ̀nà, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun ní ìpínlẹ̀ Kwara, lọ sí Èsìẹ́, kí a sì gba Ọ̀fà àti Ìrá bọ̀ wálé.

Kí ni ọkọ̀ àtijọ́ gan-an? Ẹgbẹ́ àgbáyé kan wà tó ń jẹ́ FIVA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1966, tó so àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ àtijọ́ ti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pọ̀. Òfin tiwọn ni pé ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ ti pé ọgbọ̀n ọdún ó kéré tán, kí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ bó ṣe wà nígbà tó jáde, kó má sì jẹ́ ọkọ̀ tí ènìyàn ń gbé jáde lójoojúmọ́. Ìlà kẹta yẹn ni èmi àti wọn kò ti fẹnu kò. 504 elérù ànàmọ́ yẹn ti pé ọgbọ̀n ọdún, ó lé dáadáa, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Lójú òfin wọn, a jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹ̀yìntì kó tó di àgbà. Níbo la ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá? Bàbá tó ṣì ń roko ní ọgọ́rin ọdún, a kì í tìtorí ọkọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pè é lọ́mọdé. Nítorí náà, nínú ìrìn tí mò ń sọ yìí, mo ti fa ìlà yẹn yọ. Ọkọ̀ tó bá ti dàgbà tó, tó sì lè lọ kó bọ̀, ó ti wọ ẹgbẹ́.

Ìrìn irú èyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá 1896, àwọn ọlọ́kọ̀ kan wa ọkọ̀ wọn láti London lọ sí Brighton létí òkun, láti fi yọ̀ fún òfin tuntun tó gbé eré ọkọ̀ kúrò ní máìlì 4 sí 14 láàárín wákàtí kan. Kí òfin náà tó dé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa fẹsẹ̀ rìn níwájú ọkọ̀, bí ìgbà tí atọ́kùn bá ń ṣíwájú eégún. Ní 1927 wọ́n tún ìrìn náà rìn fún ìrántí, wọ́n sì ń rìn ín títí dòní ní oṣù Kọkànlá. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1905 nìkan ni wọ́n ń gbà. Ọ̀nà náà tó 60 máìlì, àwọn mìíràn kì í sì í débẹ̀. Kò sí ife-ẹ̀yẹ fún ẹni tó kọ́kọ́ dé. Ẹni tó bá ti dé kí àkókò tó lọ ti gba àmì-ẹ̀yẹ tirẹ̀. Èrò tó wà nínú gbogbo ìrìn ọkọ̀ àtijọ́ nìyẹn: kí á dé.

Nílẹ̀ tiwa, ní nǹkan bí ọdún 1906 ni ọkọ̀ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Ní agbègbè Ọ̀fà, rélùwéè ló ṣáájú mọ́tò dé; ojú irin ti gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Ìlọrin kí 1910 tó pé. Nítorí náà, ọkọ̀ àtijọ́ tiwa kì í ṣe ti 1904. Èyí tí bàbá wa rà ni.

Ká ní ọkọ̀ mẹ́fà péjọ sí Ìlémọ̀nà. N kò ní láti lálàá kí n tó mọ ohun tí wọ́n máa jẹ́. 504 á tó mẹ́ta nínú wọn. Ní 1968 ni Peugeot gbé e jáde ní Faransé, wọ́n sì fi í ṣe ọkọ̀ ọdún ní Yúróòpù ní 1969, ṣùgbọ́n oṣù Kẹta 1975, nígbà tí ilé iṣẹ́ wọn ní Kaduna ṣí, ló tó di ọmọ ilé wa. Owó Udoji, àfikún owó oṣù ìjọba, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọwọ́ òṣìṣẹ́ nígbà náà. Ọ̀gá ìjọba gùn ún, olùkọ́ àgbà gùn ún, awakọ̀ èrò sì ra èyí tó gùn lẹ́yìn, tó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta. Ohun tó mú un pẹ́ láyé kò ju pé ìdí rẹ̀ ga nílẹ̀, sípíríìnì rẹ̀ gùn, ó sì lè gba kòtò mọ́ra láìbínú. Ní eré Safari ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí ọ̀nà ti burú ju tiwa lọ, 504 gba ipò kìíní ní 1975 àti 1978. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, 404, ti gbà á lẹ́ẹ̀mẹrin ṣáájú rẹ̀.

Méjì mìíràn á jẹ́ ìjàpá, Volkswagen ẹlẹ́yìn róbótó. Ọdún 1975 yẹn náà ni ilé iṣẹ́ tiwọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Mẹ́síkò ni wọ́n ti ṣe èyí tó gbẹ̀yìn lágbàáyé, ní ọjọ́ 30 oṣù Keje 2003, lẹ́yìn tí iye rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 21. Ìjàpá kò ní rédíétọ̀, kò mumi rárá. Atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára, ẹ́ńjìnnì náà sì wà níbi tí àwọn yòókù ń kó ẹrù sí. Mo rántí bí a ṣe máa ń fi ọmọ ilé epo tó bá fẹ́ gbé omi wá fún un rẹ́rìn-ín.

Ẹkẹfà, ẹ jẹ́ kó jẹ́ Morris Minor tí bàbá kan ti fi tápólì bò sẹ́yìn ilé láti ìgbà tó ti fẹ̀yìntì. Sítíárìn rẹ̀ wà lápá ọ̀tún. Kì í ṣe pé wọ́n ṣe é ní àṣìṣe: títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972, apá òsì ni à ń gbà ní Nàìjíríà. Ọjọ́ Sunday ni ọjọ́ náà bọ́ sí, gbogbo orílẹ̀-èdè sì yí sí apá ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan náà. Morris kò yí o. Bí awakọ̀ rẹ̀ bá fẹ́ ya tírélà sílẹ̀ lónìí, kò lè rí iwájú àyàfi tó bá kọ́kọ́ yọ gbogbo ara ọkọ̀ síta. Ẹni tó jókòó lápá òsì ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ojú rẹ̀, tí á máa sọ pé, "Ẹ dúró, ó ń bọ̀," tàbí, "Ẹ máa lọ, ẹ máa lọ." Àwọn tó ti pẹ́ nínú wọn kò tilẹ̀ ní iná tó ń ṣẹ́jú bí wọ́n bá fẹ́ yà; ọwọ́ kékeré kan ló ń yọ jáde lára òpó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, bí ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá nawọ́ ní kíláàsì.

Morris tó ti rẹ̀ yìí ló máa ṣe ọ̀gá.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti yàtọ̀ sí ohun tí ojú wa ti mọ́ lára. Bí a bá rí ọ̀wọ́ ọkọ̀ lójú títì nílẹ̀ yìí, ti alágbára ló ń ṣíwájú, fèrè ló fi ń lé àwọn yòókù wọ inú koríko. Nínú ìrìn ọkọ̀ àtijọ́, ẹni tó mọ ọ̀nà ló ń ṣíwájú, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó lọ́ra jù ló wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́, ìwọ̀n tí ìyẹn fi lè gun òkè ni gbogbo ọ̀wọ́ á sì fi rìn. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìwà pẹ̀lẹ́ lásán. Bí ọkọ̀ mẹ́fà bá so mọ́ra wọn, tí ti iwájú dẹ eré níbi kòtò kan, ìkejì á dẹ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìkẹta á tún jù ú, ìkẹfà á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Nígbà tí ti iwájú bá tún gbéra, tó ń rin kìlómítà 60 láàárín wákàtí, ìkẹfà á máa sá 80 tàbí 90 kó tó lè bá wọn. Bí ẹ bá wá fi aláìlera sẹ́yìn, òun lẹ ti sọ di ẹni tó gbọ́dọ̀ sáré jù. Ẹ̀yìn pátápátá ni ọkọ̀ mẹkáníìkì ń wà, kó máa ṣa ẹni tó bá já bọ́ lójú ọ̀nà.

Àlàfo gbọ́dọ̀ wà láàárín ọkọ̀ kan sí èkejì, kí dánfó tàbí ajàgbé tó ń kánjú lè rí ibi forí pamọ́ sí bó bá ń yà wọ́n sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Bí ọkọ̀ bá ju mẹ́fà tàbí méje lọ, ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ méjì.

Ní oríta, òfin kan ṣoṣo ló wà, òun ni mo sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo ètò náà: ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ni ẹni ẹ̀yìn rẹ̀. Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú nítorí ẹni iwájú. Máa wo dígí. Bí o kò bá rí ẹni ẹ̀yìn rẹ, dẹ eré; bí o kò bá rí i síbẹ̀, dúró. Ẹni iwájú rẹ kò ní rí ìwọ náà nínú dígí tirẹ̀, òun náà á dúró, bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn á ṣe máa lọ láti ìdí dé orí láìsí pé ẹnikẹ́ni pe fóònù. Ní ìdajì àwọn abúlé wa tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń lọ tó ń bọ̀, èyí wúlò ju fóònù lọ.

Àwọn òyìnbó tún ní ìwé ọ̀nà kan. Wọ́n á ya àwòrán oríta kọ̀ọ̀kan ní kékeré, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù níbi tí o ti wá àti ọfà níbi tí o ń lọ, wọ́n á kọ iye kìlómítà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Orúkọ òdòdó túlíìpù ni wọ́n ń pe irú àwòrán bẹ́ẹ̀, nítorí ìrìn Tulip ti ilẹ̀ Họ́láǹdì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1949. Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ló ń kà á. Ó dára, ṣùgbọ́n odómítà ọkọ̀ wa mélòó ló ṣì ń kà? Èyí tí mo mọ̀ jù dúró sí orí nọ́ńbà kan láti ayé ológun. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, mọ́ṣáláṣí aláwọ̀ ewé, ilé epo tó ti kógbá sílé, ìyá oníwàrà abẹ́ igi máńgòrò, àwọn la ó yà sínú ìwé ọ̀nà. Bí ìyá oníwàrà kò bá jáde lọ́jọ́ yẹn, a sọnù nìyẹn.

Kí ọkọ̀ tó jáde, ó yẹ kí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Iṣẹ́ yìí ló gba ọpọlọ jù, kò sì sí ọmọ iṣẹ́ púpọ̀ mọ́ tó mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ ìsinsìnyí, kọ̀ǹpútà ni mẹkáníìkì ń kì bọ̀ ọ́ lábẹ́, òun á sì ka àìsàn rẹ̀ fún un. Ọkọ̀ àtijọ́ kò ní ẹnu tó fi ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Etí àti imú lẹ ó fi gbọ́ ọ. Mo ti jókòó ti bàbá mẹkáníìkì kan rí níbi tó ti ń tún kọ́ntáàtì sẹ́ẹ̀tì ṣe: irin kékeré méjì tí ń fẹnu kanra wọn tí wọ́n sì ń yàgò fún ara wọn, tí iná púlọ́ọ̀gì ń tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àyè tó gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn kò ju nǹkan bí 0.4 mìlímítà lọ. Bàbá kò ní irin ìwọ̀n. Ó fa àjákù ayùn irin kan yọ látinú fìlà rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó ti tó?" Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló béèrè.

"Bó bá di ayùn mú bí ọmọ ṣe ń di ìka mú, ó ti tó. Bó bá dì í bí onígbèsè, tú u."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́. N kò mọ ìwé tó lè kọ́ni ní èyí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn iná, epo. Epo bẹntiróòlù tí ọkọ̀ wọ̀nyí mu nígbà èwe wọn kọ́ ni à ń tà báyìí. Òjé wà nínú ti àtijọ́. Májèlé ni òjé fún ọpọlọ ọmọdé, ìdí nìyí tí àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù Sàhárà fi pa á tì nígbà tí 2005 fi ń parí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òjé yẹn máa ń fi ara bo ojú ibi tí fáàfù ń jókòó lé nínú ẹ́ńjìnnì. Láìsí i, bí irin ibẹ̀ bá jẹ́ rírọ̀ ti àtijọ́, á máa jẹ díẹ̀díẹ̀, pàápàá bí awakọ̀ bá ń sá eré àsápajúdé lórí ọ̀nà gígùn. Ẹni tó bá lówó á ní kí wọ́n fi irin líle rọ́pò rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí kò bá lówó á rọra máa lọ.

Ooru tún ń bẹ. Bí oòrùn bá ti ga, tí ọkọ̀ sì dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọjà, bẹntiróòlù lè hó nínú páìpù kó tó dé kábúrétọ̀. Atẹ́gùn ni pọ́ǹpù á máa fà dípò epo, ọkọ̀ á sì kú. Awakọ̀ tí kò mọ̀ á máa ta kíì títí bátìrì á fi kú pẹ̀lú. Ẹni tó mọ̀ á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á fi àkísà tútù lé pọ́ǹpù, á ra ọsàn, á jókòó. Nítorí èyí ni ìrìn irú rẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí, nítorí rẹ̀ náà ni mo fi yan ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn òjò, nígbà tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ tí ọ̀nà sì ti gbẹ.

Táyà kò ṣeé fojú wò lásán. Ihò rẹ̀ lè jinlẹ̀ síbẹ̀ kó ti kú, pàápàá lára ọkọ̀ tó ti pẹ́ nínú ilé. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin: 2318 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2018. Bíréèkì ńkọ́? Epo rẹ̀ a máa fa omi láti inú atẹ́gùn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ìjàpá àti Morris kì í tètè dúró bí ọkọ̀ òde òní, bẹ́ẹ̀ ẹni tó gun ọkọ̀ òde òní lẹ́yìn wọn kò mọ̀.

Nínú búùtù, ẹ fi fáàn bẹ́ẹ̀tì sí i, púlọ́ọ̀gì, kọ́ntáàtì sẹ́ẹ̀tì, kọ́ìlì, okùn kílọ́ọ̀ṣì, wáyà, jáàkì, táyà ìpààrọ̀ tí wọ́n ti fẹ́, àti jálá omi méjì. Ẹ má gbàgbé ọṣẹ ìfọṣọ. Bí òkúta bá dá ihò sí táǹkì epo lójú ọ̀nà, ọṣẹ tí wọ́n bá fi ọwọ́ pò tí wọ́n sì tẹ̀ mọ́ ọn á dí i títí ẹ ó fi dé ilé. N kò rí i rí nínú ìwé ẹgbẹ́ kankan lókè òkun; awakọ̀ elérù èyíkéyìí ní Ọ̀fà ló mọ̀ ọ́n.

Ètò pẹ̀lú ènìyàn kò kéré sí ètò ọkọ̀. Bí ọkọ̀ mẹ́fà tó ń tan iná lọ́sàn-án bá wọ ìlú pọ̀, ohun mẹ́ta péré ni ará ilé wa máa ń rò: ìyàwó ni wọ́n ń gbé lọ, òkú ni wọ́n ń gbé bọ̀, tàbí olóṣèlú ló dé. Ẹ̀kẹta yẹn léwu jù, nítorí wọ́n á na ọwọ́ síta. Nítorí náà, ẹ ránṣẹ́ ṣáájú sí ààfin ìlú tí ẹ ó ti sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ ìrìn gan-an. Ẹ sọ fún ọlọ́pàá àti àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, tó ti wà lójú ọ̀nà láti 1988. Kí ìwé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan pé, kí ìwé ìdánilójú pé ọkọ̀ yẹ lójú pópó má sì jẹ́ èyí tí wọ́n rà lẹ́yìn gáréèjì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ èrò bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn. Ìjínigbé ti da ọ̀nà gúúsù Kwara láàmú. Kò sí ẹwà oko tó tó kí ènìyàn tìtorí rẹ̀ wà lójú ọ̀nà lẹ́yìn aago mẹ́rin. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má lọ, ẹ gbé ọkọ̀ yín yí ìlú ká, kí ẹ padà sílé.

Ká wá sọ pé ọ̀nà dára. Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ Sátidé, wọ́n péjọ sí Ìlémọ̀nà. Wọ́n á gbàdúrà ti Mùsùlùmí àti ti Kristẹni. Ẹni tó bá sì mọ̀ pé Ògún ló ni irin lè dá tirẹ̀ ṣe láìpariwo. Wọ́n á tan ọkọ̀, wọ́n á jẹ́ kó gbóná díẹ̀. Morris á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n á gbéra.

Àjàṣẹ́-Ìpo ni oríta wọn, níbi tí ọ̀nà tó wá láti Ìlọrin ti pínyà, tí ọ̀kan gba Ọ̀fà, tí èkejì gba Òrò àti Òmù-Àrán. Ti Òrò ni wọ́n á yà sí. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti mọ̀ bóyá òfin ẹni ẹ̀yìn ti wọ olúkúlùkù létí. Ohun tí ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rí bó bá ń lọ ní 50 dípò 110 ni pé ọ̀nà náà kún. Ẹbè iṣu wà níbẹ̀, pákí tí wọ́n sá sórí títì, Fúlàní tó ń da màlúù rékọjá, àkọlé ilé ẹ̀kọ́ tí ipata ti jẹ ìdajì rẹ̀. Mo ti gba ọ̀nà yẹn kọjá lọ́pọ̀ ìgbà nínú bọ́ọ̀sì, òkùnkùn ojú oorun nìkan ni mo rí.

Wọ́n á yà ní Èsìẹ́. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níbẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1945, ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ti Èkó kò tíì sí nígbà náà. Ère òkúta ló wà nínú rẹ̀, ó lé ní ẹgbẹ̀rin: ọkùnrin, obìnrin, àwọn kan jókòó lórí àpótí, àwọn kan mú idà lọ́wọ́, irun orí wọn ní àrà. Kò sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ẹni báyìí ló gbẹ́ wọn. Ìtàn ìlú sọ pé àlejò ni wọ́n, tí wọ́n wá tí wọ́n sì di òkúta. Àlejò ni ọlọ́kọ̀ mẹ́fà yìí náà. Nígbà tí wọ́n bá jáde tí wọ́n sì fẹ́ tan ọkọ̀, àwàdà tí wọn yóò dá ti hàn sí mi láti ibí. Òmù-Àrán kò jìnnà, ibẹ̀ ni wọ́n á sùn, pẹ̀lú iyán.

Ọjọ́ Sunday kéré sí ti Sátidé. Ẹni tó fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì á lọ, wọ́n á sì padà gba Àjàṣẹ́ dé Ọ̀fà, ìlú Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, kí wọ́n tó yà sí Ìrá, níbi tí ìtàn ti sọ pé Ọya wọlẹ̀ sí. Ní ibi ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á pa fèrè, wọ́n á ní kí ẹni tó ni ibẹ̀ mú wọn wọlé. Lójú ọ̀nà yìí ni mo ti ń retí pé ọ̀kan máa bàjẹ́. Kò sí ìrìn ọkọ̀ àtijọ́ tí kò ní ìyẹn nínú. Ká ní fáàn bẹ́ẹ̀tì ìjàpá kan ló já. Iná pupa á tàn, atẹ́gùn kò ní tu ẹ́ńjìnnì lára mọ́, awakọ̀ gbọ́dọ̀ pa á lójú ẹsẹ̀ kó tó jóná. Gbogbo wọn á dúró ní ìkọ̀ọ̀kan nítorí dígí. Ṣáájú kí mẹkáníìkì ẹ̀yìn tó dé, ẹnì kan láti abúlé ti bọ́ sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ti ní ìjàpá rí. Ó ti mọ ibi tí nọ́ọ̀tì wà. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni iṣẹ́ náà, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì sì ni ìtàn ìjàpá tirẹ̀, tó tà nígbà tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ wọ yunifásítì. Ní òkè òkun, ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ máa ń náwó láti wá irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀.

Kí aago mẹ́rin tó lù, wọ́n ti dé Ìlémọ̀nà. Wọn kò ní pa ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà; ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná dáadáa, a máa ń jẹ́ kó sinmi díẹ̀ lórí iná. Wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mẹkáníìkì á kọ àìsàn ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kí oorun tó mú un gbàgbé: bíréèkì apá òsì ń fa Morris, omi 504 kejì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀, ìjàpá nílò bẹ́ẹ̀tì ìpààrọ̀ tuntun. Bàbá tó ni Morris kò ní fẹ́ bò ó ní tápólì lálẹ́ yẹn. Àwọn ọmọ àdúgbò á ti jókòó sínú rẹ̀, wọ́n á máa fa ọwọ́ kékeré ara òpó yẹn wọlé, wọ́n á máa fà á jáde.

Tó bá di ọjọ́ Ajé, kí oòrùn tó là dáadáa, ọ̀kan nínú àwọn 504 mẹ́ta yẹn á ti wà ní gáréèjì. Wọ́n ti tú okùn búùtù rẹ̀, àpò ànàmọ́ kẹrin ló ń wọlé. Nọ́ńbà ìrìn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ dígí iwájú rẹ̀ ní Sátidé ṣì wà níbẹ̀. Awakọ̀ kò tíì ráyè ṣí i kúrò.